Dígí Kì Í Ṣe Àká: Bí Ìtàn Iṣẹ́ KDE Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Ìparun ní Ọdún 2013

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 2013, àwọn alábòójútó ẹ̀rọ ẹgbẹ́ KDE pa kọ̀ǹpútà kan kí wọ́n lè fi àtúnṣe ààbò sí i. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. A máa ń ṣe é láti ìgbà dé ìgbà, kò sì sí ẹni tí ó fura pé ewu wà níbẹ̀. Wọ́n pa ẹ̀rọ náà láìsí wàhálà, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n sì tan án padà. Ìgbà tí ó jí tán ni wọ́n rí i pé ètò tí ń to fáìlì sínú díìsìkì rẹ̀ ti bàjẹ́. Inú ẹ̀rọ yìí ni ojúlówó àká iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà wà, àká bíi 1,500. Wọ́n yíjú sí àwọn ẹ̀rọ mìíràn tí ẹ̀dà àwọn àká náà wà nínú wọn. Wọ́n bá a pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀dà náà ti parẹ́.

KDE jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ ètò kọ̀ǹpútà tí Matthias Ettrich dá sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1996, nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Tübingen ní ilẹ̀ Jámánì. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà wà káàkiri ayé. Àwọn ètò tí wọ́n ń kọ ni ó ń fún ènìyàn ní àwòrán àti ojú fèrèsé tí ó fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì fi ń tọrẹ. Ó lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí ọjọ́ náà tó dé.

Ìtàn ọjọ́ náà yẹ ní kíkọ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ìtọ́jú àkọsílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀dà, ẹ̀dà náà pọ̀, wọ́n sì wà ní ibi tí ó jìnnà sí ara wọn. Síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣègbé láàárín wákàtí díẹ̀, nítorí pé ohun kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀dà náà ń wò.

1. Ohun tí àká iṣẹ́ jẹ́

Bí ènìyàn mẹ́ta bá pawọ́ pọ̀ kọ ìwé atúmọ̀ èdè kan, ìṣòro wọn kì í pẹ́ yọjú. Ẹni kìíní a ṣe àtúnṣe sí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan. Ẹni kejì, tí kò mọ̀, a ṣe àtúnṣe mìíràn sí ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni kẹta a wá máa wá ìtumọ̀ àtijọ́ tí àwọn méjèèjì ti pa rẹ́. Ó di dandan kí ibì kan wà tí a ó ti rí ohun tí a kọ, ẹni tí ó kọ ọ́, ọjọ́ tí ó kọ ọ́, ìdí tí ó fi kọ ọ́, àti bí ọ̀rọ̀ náà ti rí tẹ́lẹ̀. Ibi ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní àká níhìn-ín, nítorí pé gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń kó ìkórè ọdún kan lé ti èkejì nínú àká, bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùkọ ètò kọ̀ǹpútà ń kó àyípadà kan lé òmíràn, láìpa ti àtijọ́ rẹ́.

Àwọn olùkọ ètò ti mọ àìní yìí tipẹ́. Ní ọdún 1972, Marc Rochkind, òṣìṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ṣe ètò kan tí ń jẹ́ SCCS, tí ó ń pa ìtàn àyípadà fáìlì mọ́. Ní ọdún 1982, Walter Tichy ti Yunifásítì Purdue gbé RCS jáde. Láti ọdún 1986 ni Dick Grune ní ìlú Amsterdam ti bẹ̀rẹ̀ CVS, èyí tí ó fàyè gba ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ṣiṣẹ́ lórí fáìlì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 2000 ni ilé iṣẹ́ CollabNet bẹ̀rẹ̀ Subversion láti fi rọ́pò CVS. CVS ni KDE kọ́kọ́ lò. Ní ọdún 2005 ni wọ́n kó lọ sínú Subversion.

Nínú CVS àti Subversion, ibì kan ṣoṣo ni odidi ìtàn iṣẹ́ ń gbé: inú olú ẹ̀rọ. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ju bí iṣẹ́ ti rí ní ọjọ́ tí ó gbà á lọ. Bí olú ẹ̀rọ bá bàjẹ́ tí kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀, ìwé wà ṣùgbọ́n ìtàn ìwé ti lọ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2005 ni Linus Torvalds, olùdásílẹ̀ Linux, bẹ̀rẹ̀ sí kọ Git. Láti ọdún 2002 ni àwọn olùkọ Linux ti ń lo ètò kan tí ń jẹ́ BitKeeper lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí oní-nǹkan gba ọ̀fẹ́ náà padà, ó di dandan kí wọ́n wá ti ara wọn. Nínú Git, ènìyàn kì í sábà gba abala kan nínú ìtàn. Ẹni tí ó bá fa àká kan sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ sábà máa ń fa gbogbo ìtàn rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ní nǹkan bí ọdún 2010 sí 2011 ni KDE bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn àká rẹ̀ lọ sínú Git. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà nígbà náà pé ewu àká kan ṣoṣo ti kásẹ̀ nílẹ̀.

2. Orúkọ àmútọ̀runwá

Kí ìtàn ọjọ́ 22 oṣù kẹta tó lè yé ni, ó yẹ kí a mọ bí Git ṣe ń sọ nǹkan lórúkọ. Yorùbá mọ oríṣi orúkọ méjì dáadáa. Àbísọ ni èyí tí òbí fi fún ọmọ. Àmútọ̀runwá ni èyí tí ọmọ fúnra rẹ̀ mú wá, nítorí bí a ti bí i. Òbí kì í yan Táíwò tàbí Ìgè; ọ̀nà tí ọmọ gbà wáyé ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Orúkọ tí Git ń fún ohun tí ó wà nínú àká jọ àmútọ̀runwá. Git a mú ohun tí a kọ, a fi ìṣirò kan tí ń jẹ́ SHA-1 wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìṣirò náà a sì bí orúkọ kan tí ó ní àmì 40, tí a fi nọ́ńbà àti lẹ́tà láti a dé f kọ. Ohun kan náà kò ní ṣàìmú orúkọ kan náà wá, ìbáà ṣe ní Berlin ni a ti ṣe ìṣirò náà tàbí ní Rio de Janeiro. Bí a bá yí àmì ìdánudúró kan ṣoṣo padà nínú ìwé olójú-ewé ẹgbẹ̀rún, orúkọ mìíràn pátápátá ni yóò jáde.

Ìdè kan tún wà láàárín àwọn orúkọ wọ̀nyí. Àkóónú fáìlì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Àtòjọ àwọn fáìlì tí ó wà nínú àpò kan ní orúkọ tirẹ̀, orúkọ àwọn fáìlì náà sì wà nínú àtòjọ yìí. Àkọsílẹ̀ àyípadà kọ̀ọ̀kan ń dárúkọ àtòjọ tí ó bá a rìn, ó ń dárúkọ ẹni tí ó ṣe é, ó sì ń dárúkọ àkọsílẹ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ṣe ń dárúkọ bàbá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ orúkọ àkọsílẹ̀ ìkẹyìn lè yẹ gbogbo ìran náà wò títí dé orí baba ńlá. Bí ẹnìkan bá fọwọ́ kan ohun kan láàárín, orúkọ rẹ̀ kò ní bá a mu mọ́, gbogbo àwọn tí ó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ a sì jẹ́rìí sí i.

A rí àǹfààní ètò yìí ní ọdún 2011. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn alábòójútó kernel.org, níbi tí àká Linux ń gbé, rí i pé ẹnìkan ti jí wọ inú àwọn ẹ̀rọ wọn. Ìbẹ̀rù mú ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ó lè ti ki ohun búburú bọ inú ètò náà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ni ìtàn náà wà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú orúkọ rẹ̀; ẹni tí ó bá yí ohun àtijọ́ padà ní ibì kan kò lè fi pamọ́ fún gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n agbára orúkọ yìí ní ààlà. Orúkọ lè sọ fún ni pé ohun kan kò pé mọ́. Kò lè dá ohun náà padà. Ẹ̀rí ni, kì í ṣe oògùn.

3. Bí díìsìkì ṣe ń da ni

Ohun tí Git bá kọ, ètò mìíràn ni ó ń bá a gbé e sórí díìsìkì. Ètò yìí ni ó mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, ibi tí ó parí, àti orúkọ tí ó ń jẹ́. Ní ẹ̀rọ KDE, èyí tí ń jẹ́ ext4 ni wọ́n lò, ọ̀kan nínú àwọn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lórí Linux. Láti òpin ọdún 2008 ni a ti kéde pé ó tó lò fún gbogbo iṣẹ́.

Ext4, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kì í kọ gbogbo nǹkan sórí díìsìkì lójú ẹsẹ̀. A máa ń dúró díẹ̀ kí ó lè kó ọ̀pọ̀ ẹrù lẹ́ẹ̀kan náà, kí iṣẹ́ lè yá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009 ni àwọn olùlò bẹ̀rẹ̀ sí ké gbàjarè: bí iná bá lọ lójijì, wọ́n ń bá fáìlì tí orúkọ rẹ̀ wà ní ipò rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò sí nǹkankan nínú rẹ̀. Orúkọ ti dé orí díìsìkì, àkóónú ṣì wà lọ́nà nígbà tí iná kú. Wọ́n ṣe àtúnṣe sí i ní ọdún náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò parẹ́: pé kọ̀ǹpútà sọ pé òun ti kọ nǹkan kò túmọ̀ sí pé nǹkan náà ti wà lórí díìsìkì.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń lo Git ti bá irú ikú yìí pàdé nínú kọ̀ǹpútà ara rẹ̀. Iná a lọ, a padà dé, Git a sì sọ pé ohun kan nínú àká ṣófo. Ti KDE ju èyí lọ, nítorí pé ìbàjẹ́ náà dé inú ètò ìtòjọ fáìlì gan-an. Kì í ṣe fáìlì kan tàbí méjì ni ó kàn.

4. Bí àwọn dígí ṣe ṣófo

Ètò tí KDE ṣe fún ìtọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ kò burú lójú ẹni tí ó bá wò ó. Olú ẹ̀rọ kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ń kọ nǹkan sí. Yàtọ̀ sí i, àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà tí gbogbo ayé ti lè gba ẹ̀dà. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ni a ń pè ní dígí, nítorí pé wọ́n ń wo olú ẹ̀rọ nígbà gbogbo, wọ́n sì ń sọ ara wọn di bí ó ti rí. Bí àká tuntun bá dé, wọ́n a dá a sílẹ̀. Bí a bá pa àká kan rẹ́ níbẹ̀, wọ́n a pa á rẹ́ lọ́dọ̀ ara wọn. Olú ẹ̀rọ ni ó ń ṣe àtòjọ orúkọ gbogbo àká fún wọn. Àtòjọ yìí ni àṣẹ tí wọ́n ń tẹ̀lé.

Kò sí ẹ̀dà mìíràn tí a ń dì sí ẹ̀gbẹ́ kan láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ìdí wà fún èyí. Bí a bá di àká tí ènìyàn ń kọ nǹkan sí lọ́wọ́, ó lè ṣẹlẹ̀ pé abala kan nínú ìdì náà jẹ́ ti àárọ̀, kí abala kejì jẹ́ ti ọ̀sán, kí wọ́n má sì bá ara wọn mu. Dígí tí ń lo ọ̀nà Git fúnra rẹ̀ kò ní ìṣòro yẹn. Àwọn alábòójútó wá gbà pé bí olú ẹ̀rọ bá kú, ọ̀kan nínú àwọn dígí yóò gba ipò rẹ̀.

Gbogbo ìṣirò yìí dúró lórí ohun kan: pé olú ẹ̀rọ lè wà láàyè, ó sì lè kú, ṣùgbọ́n kò lè ṣàìsàn. Bí ó bá kú, àwọn dígí kò ní rí i mọ́, wọn ó sì dúró bí wọ́n ti wà. Ní ọjọ́ náà, kò kú. Ó jí, ó dáhùn nígbà tí a pè é, ṣùgbọ́n àtòjọ tí ó gbé jáde ti bàjẹ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí orúkọ àká nínú rẹ̀ mọ́. Àwọn dígí ka àtòjọ náà. Lójú tiwọn, àwọn àká tí orúkọ wọn kò sí níbẹ̀ ni a ti pa rẹ́. Wọ́n ṣe ohun tí a kọ́ wọn láti ṣe: wọ́n pa wọ́n rẹ́.

Dígí kì í bi ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀ pé kí ló dé tí ojú rẹ̀ fi wú. Bí ojú bá dára, dígí a fi ojú tí ó dára hàn. Bí ọgbẹ́ bá wà níbẹ̀, dígí a fi ọgbẹ́ hàn. Ìwà yìí ni a fi ń yìn ín, ìwà yìí náà ni kò sì jẹ́ kí a lè fi dígí ṣe àká.

A lè bi í pé: ṣé odidi ìtàn kò ha wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan? Òótọ́ ni pé èyí ni ìlérí Git, kì í sì ṣe ìlérí asán. Ṣùgbọ́n àká bíi 1,500 ni ó wà níhìn-ín. Àwọn kan nínú wọn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó ní ẹ̀dà wọn. Àwọn mìíràn, ẹnìkan tàbí méjì ló ń bójú tó wọn, ẹni náà sì lè ti yí kọ̀ǹpútà padà. Ẹ̀dà kan lè pé títí di àná, òmíràn lè ti dúró láti ọdún tí ó kọjá. Láti kó gbogbo rẹ̀ jọ padà, kí a sì mọ èyí tí ó jẹ́ ti ìkẹyìn nínú wọn, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù ni ì bá jẹ́, àwọn àká kan kì bá sì padà mọ́ láé.

5. Ẹ̀rọ kan tí ó ṣẹ́ kù

Nígbà tí wọ́n ti yẹ àwọn dígí wò tán, ó ku ẹ̀rọ kan tí ń gbé ojú-ìwé projects.kde.org, níbi tí ẹgbẹ́ náà ti ń fi àwọn iṣẹ́ rẹ̀ han ayé. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà tuntun. Òun pẹ̀lú ní ẹ̀dà àwọn àká náà fún iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n bá àwọn àká náà níbẹ̀. Kò tíì pa wọ́n rẹ́.

Wọ́n kò gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀, ọgbọ́n sì ni èyí. Git ní àṣẹ kan tí ń jẹ́ fsck, tí ń ka ohun kọ̀ọ̀kan nínú àká, tí ń ṣe ìṣirò orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, tí ó sì ń wò ó bóyá ó bá orúkọ tí ó ń jẹ́ mu, àti bóyá baba tí ó ń pè wà níbẹ̀. Ìgbà tí àyẹ̀wò yìí fi hàn pé ẹ̀dà náà dára ni wọ́n tó fi í tún olú ẹ̀rọ ṣe. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta, ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó náà tẹ ìròyìn gígùn jáde nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Kò fi àṣìṣe ètò wọn pamọ́, kò sì pe oríire ní ọgbọ́n: ó jẹ́wọ́ pé oríire ni ó kó wọn yọ.

Ìjẹ́wọ́ yìí ni ó jẹ́ kí ìtàn náà wúlò fún ẹlòmíràn. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, àwọn olùkọ Git fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ètò wọn wò. Jeff King, ọ̀kan nínú wọn, fi onírúurú ìbàjẹ́ dán Git wò láti mọ èyí tí ó lè ti àká kan ran èkejì. Ó rí i pé bí a bá ń gba àfikún sínú àká tí ó ti wà, Git máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìtàn náà so mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fa odidi àká tuntun, kò ṣe àyẹ̀wò yìí. Ẹni tí ó gba àká tí ohun kan ti sọnù nínú rẹ̀ lè lọ sílé pẹ̀lú ayọ̀. Ní ọdún 2013 náà ni wọ́n tún èyí ṣe.

6. Bí kò bá sí ẹ̀dà tí ó pé

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá bọ́ sínú irú ewu yìí ni yóò rí ẹ̀dà tí ó pé. Àwọn alákòóso Git ti kọ ohun tí ó ṣeé ṣe sílẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni kí a da àká tí ó bàjẹ́ náà kọ bí ó ti wà, kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Àìmọye ènìyàn ni ó ti fi ìtọ́jú pa ohun tí àìsàn kò pa.

Ní ọdún 2007, Torvalds ṣàlàyé bí a ṣe lè dá àkóónú fáìlì kan tí ó bàjẹ́ padà. Fsck yóò kọ́kọ́ dárúkọ ohun tí ó sọnù. Lẹ́yìn náà, a ó wá àtòjọ tí ń pe orúkọ náà, èyí tí yóò sọ fáìlì tí ó jẹ́. A ó wo bí fáìlì náà ti rí kí àyípadà tó dé bá a àti bí ó ti rí lẹ́yìn rẹ̀. A ó wá inú kọ̀ǹpútà, inú ìwé tí a tẹ̀, àti ọ̀dọ̀ ẹlẹgbẹ́, bóyá a ó rí ohun tí ó jọ ọ́. Bí a bá rí ọ̀kan, a ó ní kí Git ṣe ìṣirò orúkọ rẹ̀. Bí orúkọ tí ó jáde bá yàtọ̀ ní àmì kan ṣoṣo, òun kọ́. Bí ó bá jẹ́ orúkọ tí ó sọnù gan-an, ọmọ ti délé. A kò nílò ẹlẹ́rìí mìíràn, nítorí pé ó mú orúkọ rẹ̀ wá.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, Jeff King ṣe ohun tí ó le ju èyí lọ. Wọ́n gbé àká kan wá bá a tí ìdì ńlá inú rẹ̀ bàjẹ́, kò sì sí ẹ̀dà ohun tí ó kàn níbòmíràn. Ó rò pé ó lè jẹ́ báìtì kan ṣoṣo ni ó yí padà. Báìtì kò lè ní ju ìrísí 256 lọ. Ó kọ ètò kékeré kan tí ó ń mú báìtì kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ó bàjẹ́, tí ó ń dán gbogbo ìrísí 256 náà wò, tí ó sì ń béèrè lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan bóyá ìdì náà ti ṣeé tú. Ọ̀kan ṣí i. Báìtì kan ni ó sọ odidi ohun náà di aláìṣeékà. Báìtì kan náà ni ó dá a padà. Láìsí orúkọ tí ó dúró bí ẹ̀rí, kò sí bí ì bá ti mọ̀ pé òun ti dé ibi tí òun ń lọ.

7. Ohun tí ó yí padà

Àwọn alábòójútó KDE kò dẹ́kun lílo dígí, nítorí pé dígí dára fún iṣẹ́ tirẹ̀: bí olú ẹ̀rọ bá kú, iṣẹ́ kò ní dúró. Ohun tí wọ́n yí padà ni ìgbọràn rẹ̀. Wọ́n pinnu pé bí àtòjọ tuntun bá yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá ju bí ó ti yẹ lọ, kí dígí má ṣe pa nǹkankan rẹ́, kí ó dúró títí ènìyàn yóò fi wá wò ó. Wọ́n tún pinnu láti máa dì ẹ̀dà tí ó ní ọjọ́ lórí, èyí tí ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ lónìí kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Git náà kò dúró sójú kan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Git 2.36 fún àwọn olùlò ní ọ̀nà tí ó kún láti yan irú ohun tí Git gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ó ti dé orí díìsìkì kí ó tó sọ pé òun ti kọ ọ́.

Ohun tí ó fara pẹ́ èyí ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ GitLab kan tí ó ń tún nǹkan ṣe ní alẹ́ pa ojúlówó àkójọ ìsọfúnni ilé iṣẹ́ náà rẹ́ dípò ẹ̀dà rẹ̀. Oríṣi ọ̀nà ìpamọ́ tí wọ́n ní ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ wò wọ́n, ọ̀kan kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, òmíràn ti ń kùnà láìsí ẹni tí ó mọ̀. Ohun tí ó gbà wọ́n ni ẹ̀dà tí ẹnìkan ti ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú, fún iṣẹ́ mìíràn. Àwọn àká Git tí ó wà lọ́dọ̀ wọn kò sọnù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà nínú àkójọ ìsọfúnni náà lọ. Níhìn-ín pẹ̀lú, oríire ni ó dá wọn sí.

Nínú ìtàn méjèèjì, ìbéèrè mẹ́ta hàn tí ẹni tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ kò gbọdọ̀ sá fún, ìbáà ṣe kọ̀ǹpútà ni ó fi ń tọ́jú rẹ̀ tàbí àpótí àti páálí. Èkínní: bí a bá ba ojúlówó jẹ́ lónìí, ṣé ẹ̀dà yóò mọ̀, àbí yóò tẹ̀lé e? Èkejì: nígbà wo ni a ti ṣí ẹ̀dà náà kẹ́yìn, tí a sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Ẹ̀kẹta: kí ni ẹ̀rí tí a fi mọ̀ pé ohun tí a kà ni ohun tí a kọ? Git dáhùn ìbéèrè kẹta dáadáa láti ọdún 2005. Ìkejì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ń ṣe àyẹ̀wò. Ní ti èkínní, kò sí ètò kọ̀ǹpútà kan tí ó lè dáhùn rẹ̀ fún ni. Ẹni tí ó to àwọn ẹ̀dà sí ipò wọn ni yóò dáhùn.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 2013, ó jọ pé ọ̀nà tí ó wọ ọjà KDE pọ̀. Nígbà tí omi yalé ni a tó mọ̀ pé afárá kan náà ni gbogbo wọn ń gbà, àfi ọ̀nà kékeré kan tí kò sí ẹni tí ó kà á sí.